«Check»: láti orí ìtẹ́ ọba Páṣíà dé inú ìwé èsì àwọn ọmọ wa

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá òwò mu. Ọ̀rọ̀ kan lè kéré lójú, kí ọ̀nà tí a ń gbà wọ inú ìtumọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ọ̀nà tí ó wọ ọjà Àjàṣẹ́ lọ. Ẹ wo «ojú» nínú èdè tiwa. Ojú ni a fi ń ríran. Síbẹ̀, a ní ojú ọ̀nà, ojú ọjọ́, ojú ogun, ojúbọ àti ojúlé. Abẹ́rẹ́ ní ojú, oówo náà ní ojú. Ọmọ Yorùbá kì í ṣi àwọn wọ̀nyí mú fún ara wọn, nítorí pé inú wọn ni a bí i sí. Ṣùgbọ́n àjèjì tí ó ń kọ́ èdè wa, tí wọ́n sì ti sọ fún pé «ojú» ni «œil», ẹnu yóò yà á lọ́jọ́ tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ pé ojú ọjọ́ ṣú.

Bí ọ̀rọ̀ àjèjì yẹn ti rí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ní collège rí nígbà tí wọ́n bá kan èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè ka ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá kí ó má pàdé rẹ̀: «check». Ìwé ẹ̀kọ́ pàṣẹ pé kí ọmọ «check» ìdáhùn rẹ̀. Olùkọ́ ní «vérifier» ni. Ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Láìpẹ́, ó kà nípa àwọn ọmọ ogun kan tí wọ́n «check» lójú ogun. Kì í ṣe àyẹ̀wò ni wọ́n ṣe fún wọn. Wọ́n dá wọn dúró ni. Ó tún kà pé ará Amẹ́ríkà kan gba «check» ní báńkì, pé ó bèèrè «check» lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé oúnjẹ fún un, pé ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ jẹ́ «check», àti pé ó fi «check» sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí ìwé kan. Owó ni ti àkọ́kọ́, iye owó oúnjẹ ni èkejì, aṣọ tí ilà rẹ̀ dábùú ara wọn ni ẹ̀kẹta, àmì tí a fi bíírò fà ni ẹ̀kẹrin.

Ọmọ náà yóò rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kàn ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo nǹkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn, bàbá wọn sì jẹ́ ọba.

Igbe tí wọ́n ń ké sí ọba

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ lórí ayò. Kì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n tiwa, tí ó ní ihò 12 àti ọmọ 48, bí kò ṣe èyí tí àwọn Faransé ń pè ní «échecs», tí wọ́n ń ta lórí pátákó tí a pín sí ilé 64, tí ẹni kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọ 16 lọ́wọ́. Ilẹ̀ Íńdíà ni ayò yìí ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí sẹ́ńtúrì kẹfà. Orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni «chaturanga», èyí tí ó túmọ̀ sí ẹ̀yà mẹ́rin, nítorí pé ẹgbẹ́ ogun ilẹ̀ Íńdíà ní ẹ̀yà mẹ́rin: àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn tí ń gun ẹṣin, àwọn tí ń gun erin, àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ogun.

Láti Íńdíà, ayò náà dé ilẹ̀ Páṣíà, èyí tí à ń pè ní Ìránì lónìí. Ní èdè Páṣíà, «shāh» ni ọba. Oyè yìí pẹ́ púpọ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n tó lé ẹni tí ó jẹ ẹ́ kẹ́yìn kúrò lórí ìtẹ́. Nínú ayò náà, bí ẹnì kan bá gbé ọmọ rẹ̀ sí ibi tí ó ti lè kọlu ọba ẹnìkejì, kì í dákẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kìlọ̀, kí ó ké pé: «Shāh!» Bí ẹni pé ó ń wí pé: «Ọba o! Ewu ń bọ̀!»

Nígbà tí àwọn Lárúbáwá ṣẹ́gun Páṣíà ní sẹ́ńtúrì keje, wọ́n gba ayò náà pẹ̀lú igbe rẹ̀, wọ́n sì gbé e gba àríwá Áfíríkà títí dé Sípéènì. Àwọn ará Sípéènì àti Pọtogí mú orúkọ tí Lárúbáwá ń pe ayò náà gan-an, «shatranj»: ìdí nìyí tí àwọn Pọtogí fi ń pè é ní «xadrez», títí dé ilẹ̀ Bràsíìlì tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà ìlú Àjàṣẹ́ ti padà wá. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù yòókù kò mú orúkọ ayò. Igbe ọba ni wọ́n mú. «Shāh» di «scaccus» ní èdè Látìn, ó di «scacco» ní Ítálì, ó di «Schach» ní Jámánì, ó sì di «eschec» ní èdè Faransé àtijọ́.

Ní ọdún 1066, Guillaume, olórí ilẹ̀ Normandie, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọ̀pọ̀ ìran lẹ́yìn náà, èdè Faransé ni àwọn ọba àti àwọn ìjòyè ibẹ̀ ń sọ. Ọ̀nà yìí ni «eschec» gbà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ó di «check» nígbà tí ó jẹ́ ẹyọ kan. Nígbà tí ó jẹ́ púpọ̀, ó di «chess», orúkọ ayò náà fúnra rẹ̀. Bí a bá tú «chess» palẹ̀ dé ìdí rẹ̀, «àwọn ọba» ni.

Ọba tí a kì í pa

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí òfin ayò yìí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìtumọ̀ tí ó kù ti jáde.

Gbogbo ọmọ orí pátákó ni a lè pa, àfi ọba. Nígbà tí wọ́n bá ké «échec» sí i, ọ̀nà mẹ́ta péré ni ó ní láti fi dáhùn. Ó lè ṣí kúrò níbi tí ó wà. Ó lè fi ọmọ mìíràn dí ààrin òun àti ẹni tí ń bọ̀ wá bá a. Tàbí kí ó pa ẹni tí ó kọlù ú. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣeé ṣe, ayò ń tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí ọ̀kankan, wọn a sọ pé «shāh māt», èyí tí Faransé ń pè ní «échec et mat», tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní «checkmate». Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Lárúbáwá yóò ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọba ti kú. Ṣùgbọ́n ní èdè Páṣíà, «māt» ni ẹni tí ọgbọ́n tán fún, tí kò rí ibi yà sí mọ́. Ìtumọ̀ kejì yìí bá òfin ayò mu jù, nítorí pé wọn kì í gbé ọba kúrò lórí pátákó láé. Ayò parí ní ìṣísẹ̀ kan kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Èyí kò lè ṣàjèjì sí wa. Ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò sí ẹni tí yóò la ẹnu kí ó sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni.

Nítorí náà, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí «check» ní lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn òde ayò ni ìdádúró. Ọba tí wọ́n ké «check» sí kò lè máa ṣe ohun tí ó ń ṣe lọ; ó gbọ́dọ̀ dúró kí ó dáhùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé òjò «check» iná, pé ìgbìmọ̀ aṣòfin «check» agbára ààrẹ. Àwa náà mọ irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Kábíyèsí ni a ń pe ọba, a sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ bi í. Síbẹ̀, ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ń bẹ, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Aláàfin tí ó bá sọ agbára di ìkà lè rí igbá òfìfo gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí: wọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Kò sí «check» tí ó ju ìyẹn lọ.

Báwo ni ìdádúró ṣe wá di àyẹ̀wò? Ẹ bi àwọn ìyá wa tí ń ra ọjà lọ tí ń ra ọjà bọ̀ láti Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń gba Ìgòlò kọjá sí Ìdí-Ìrókò. Aṣọ́bodè kì í tú ẹrù tí ó wà lórí eré. Ó ní láti dá ọkọ̀ dúró ná. Ẹni tí a bá dá dúró ni a ń yẹ̀ wò. Nígbà tí awakọ̀ bá sọ fún èrò pé «checkpoint» wà níwájú, ìtumọ̀ méjèèjì ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ pọ̀: ibi ìdádúró àti ibi àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣí díẹ̀díẹ̀, títí ìdádúró fi gbàgbé ara rẹ̀, tí àyẹ̀wò nìkan sì kù. Ọmọ tí ó ń «check» ìdáhùn rẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Àmì kékeré tí ó sì fà sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, láti fi hàn pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní «check».

Aṣọ orí tábìlì ọba

Ẹ̀ka kejì gba orí pátákó ayò fúnra rẹ̀ jáde. «Eschequier» ni Faransé àtijọ́ ń pè é. «Échiquier» ni a ń wí lónìí. Ní ayé Henry Kìíní, tí ó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1100 dé 1135, àwọn tí ń gba owó orí ní ìgbèríko máa ń wá jíhìn níwájú àwọn ìjòyè ọba lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Tábìlì ńlá kan wà níbẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10, tí ìbú rẹ̀ sì tó 5. Wọ́n tẹ́ aṣọ kan lé e, aṣọ tí a fi ilà pín. Orí ilà wọ̀nyí ni wọ́n ti ń to owó ẹyọ bí ẹni ń to ọmọ ayò, láti ṣírò ohun tí ó yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá àti ohun tí ó mú wá ní tòótọ́. Bí ẹni tí kò mọ̀wé tilẹ̀ dúró níbẹ̀, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i bí iye bá pé tàbí tí kò pé.

Richard FitzNeal, tí ó jẹ́ akápò ọba, kọ ìwé kan ní èdè Látìn lórí iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 1179. Ó ní tábìlì náà jọ pátákó ayò, bí ọba méjì sì ti ń jà lórí pátákó, bẹ́ẹ̀ ni ìjà wà lórí tábìlì yìí láàrin akápò àti ẹni tí ń jíhìn. Orúkọ tábìlì náà di orúkọ ilé iṣẹ́ ìṣúra. Títí di òní, mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní oyè mìíràn ju «Chancellor of the Exchequer» lọ. Àwọn ìwé ìròyìn Faransé ń pè é ní «chancelier de l'Échiquier». Ẹni tí ó bá tú oyè náà dé ìdí yóò bá ọba Páṣíà níbẹ̀. Bákan náà ni aṣọ tí ilà rẹ̀ dábùú ara wọn, tí ó di ilé kéékèèké bí ti pátákó ayò, ṣe gba orúkọ «check».

Ìwé tí a sọ di owó

Ẹ̀ka kẹta ni ti báńkì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé gbé owó láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀rù ayédèrú bà wọ́n. Wọ́n dá ọgbọ́n kan: kí apá kan ìwé náà kù sí ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, kí a lè fi èkejì wé e. Apá tí ó kù yìí, tí Faransé ń pè ní «souche», ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ pè ní «check», nítorí pé òun ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí ó yá, orúkọ apá kékeré náà bo odindi ìwé mọ́lẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ ní «check» síbẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí i sí «cheque», kí ó lè jọ «exchequer».

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ilẹ̀ Faransé náà fẹ́ lo irú ìwé yìí. Wọ́n yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1865 sì fi ìdí «chèque» múlẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti rí: ọmọ tí ó ti inú ilé Faransé jáde lọ ní «eschec», tí ó gbé òkèèrè pẹ́, tí ó padà wálé pẹ̀lú agbádá tuntun, tí àwọn ìbátan rẹ̀ kò sì dá a mọ̀. «Échec» àti «chèque» ń gbé inú èdè kan náà lónìí, wọn kò sì kí ara wọn.

Àwa Yorùbá kò yá orúkọ ní tiwa. A wo iṣẹ́ tí ìwé náà ń ṣe, a sì pè é ní ìwé sọ̀wédowó: ìwé tí a sọ di owó. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ti gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí Faransé fi «échec» ṣe

Ọ̀rọ̀ kù sí ilé tiwa, àwa tí èdè Faransé ni a fi kọ́wèé. Nígbà tí «check» ń bí ọmọ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, «échec» gba ọ̀nà mìíràn. Láti orí ewu tí ó dojú kọ ọba, ó di ìdènà tí ó dojú kọ ẹnikẹ́ni. Láti orí ìdènà, ó di ìjákulẹ̀. Òun ni ó wà nínú «échec scolaire», òun ni ó wà nínú «taux d'échec» tí à ń gbọ́ lórí rédíò lọ́dọọdún nígbà tí èsì BEPC àti Bac bá jáde. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tí ó ṣì wà lórí pátákó ti di èdìdì tí à ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí ẹni tí ayò ti tán fún.

Síbẹ̀, èdè Faransé fúnra rẹ̀ kò gbàgbé tán. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan bá gbá ọ̀mì pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ó lágbára jù ú lọ, àwọn akọ̀ròyìn á ní ó «tenir en échec» ẹgbẹ́ ńlá náà. Ẹ rántí ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì ní ọdún 2019. Àwọn Écureuils ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gbá ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, 2-2. Wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Guinée-Bissau, 0-0. Wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Kamẹrúùnù tí ife-ẹ̀yẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, 0-0. Wọn kò borí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì borí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Mòrókò, 1-1, wọ́n sì fi penalty lé e lọ sílé. Bí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ wa ṣe dé ìpele àwọn ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nìyẹn. Kamẹrúùnù tí wọ́n «tenir en échec» kò kú. Wọ́n dá a dúró ni. Ìtumọ̀ àtijọ́ ṣì wà láàyè lórí pápá.

Ọba kò tíì kú

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí àwọn òbí àti àwa olùkọ́ gbọ́ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọmọ bá mú ìwé èsì wálé, tí a rí «échec» níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà á bí ẹni pé «échec et mat» ni wọ́n kọ. Ariwo á sọ. Wọn a ní ọmọ náà kò ní orí ìwé, wọn a ní kí ó jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni, òfin ayò sì ti là wọ́n níyà. «Échec» ni ìkìlọ̀ pé ìṣísẹ̀ kan kù láti ṣe. Kí a tó sọ pé ó parí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣé ọmọ yìí lè ṣí kúrò níbi tí ó wà? Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí a fi í sí kò bá a mu, pé iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ẹ̀ka mìíràn ni yóò gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Ṣé ẹnì kan wà tí ó lè dúró láàrin òun àti ewu náà? Ẹ̀gbọ́n tí ó mọ ìṣirò, olùkọ́ tí yóò bá a jókòó ní ìrọ̀lẹ́, òbí tí yóò dín iṣẹ́ ilé rẹ̀ kù lásìkò ìdánwò. Tàbí ṣé ó lè kọlu ohun tí ó kọlù ú? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé èsì tí ó dàbí pé gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì ni ó bà á jẹ́. Ẹ wá a rí, kí ẹ sì dojú kọ ọ́. Ìgbà tí a bá ti wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kò rí ọ̀kankan ni a tó lè sọ̀rọ̀ «mat», ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Èdè tiwa náà bá wa sọ ọ́, bí a bá fetí sí i. Nípa ẹni tí kò yege, a ní ó fìdí rẹmi. Ẹ tú u: ó fi ìdí rẹ omi. Aṣọ rẹ̀ tutù, ojú tì í, ṣùgbọ́n kò rì. Ẹni tí ó fìdí rẹmi lè dìde, kí ó fún aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ní ti «check» àti àwọn ọmọ tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ má ṣe kọ ìtumọ̀ kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sì fa ilà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya igi. Ẹ fi ọba sí ìdí rẹ̀. Ẹ fi ìdádúró ṣe ẹ̀ka kan, kí àyẹ̀wò yọ lára rẹ̀, kí ìwé sọ̀wédowó yọ lára àyẹ̀wò. Ẹ fi pátákó ayò ṣe ẹ̀ka kejì, kí aṣọ àti ilé ìṣúra so lórí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí igi náà lẹ́ẹ̀kan kò ní í há ìtumọ̀ mẹ́wàá sórí mọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa àgbà ni ó tọ́ kí a wo ẹ̀yìn, kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí à ń fi ẹnu pè ti ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ni kí a jẹ́ kí wọ́n wo iwájú, nítorí pé ìṣísẹ̀ tí ó kàn, ọwọ́ wọn ni ó wà.